Ṣé dandan ni kí wọ́n gé ojú ara obìnrin tó ń bímọ? Ìfiwéra fún aláboyún ní Èkìtì

Bí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, ìbéèrè kan máa ń wà lọ́kàn obìnrin tí ìtìjú kì í jẹ́ kó bi nọ́ọ̀sì: "Ṣé ẹ máa gé mi?" Dípò kó bi ẹni tó mọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń tajà àti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó ti bímọ ṣáájú ló ti ń kó ìdáhùn jọ. Wọ́n á ní ọsibítù kì í dá olómọ àkọ́kọ́ sí, gbogbo wọn ni wọ́n ń gé. Wọ́n á ní míṣọ̀n, ìyẹn ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gé èèyàn. Ẹlòmíì á ní ẹni tí wọn ò bá gé, yóò ya dé ìdí. Láti Ọ̀mùò títí dé Ẹfọ̀n, irú ọ̀rọ̀ báyìí ti mú kí obìnrin fi ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ sílẹ̀, kó lọ bímọ síbòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n gé obìnrin kankan nítorí pé àkọ́bí ló ń bí. Kò sì yẹ kí obìnrin kankan sá fún ọsibítù nítorí pé ẹ̀rù abẹ ń bà á. Ibi tí wọn kì í ti í gé èèyàn láìnídìí, tí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń rán ara tó bá ya, ni kí a máa wá. Méjèèjì gbọ́dọ̀ pé.

Gígé tí à ń sọ yìí ni èyí tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tàbí dókítà máa ń fi sísọ́ọ̀sì ṣe sí awọ àti iṣan tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí, nígbà tí orí ọmọ bá ti fẹ́ yọ, kí ọ̀nà lè fẹ̀ sí i. Episiotomy ni àwọn dókítà ń pè é. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ láti inú ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń da méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé "wọ́n gé e".

Ohun tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: kí wọ́n máa gé gbogbo olómọ àkọ́kọ́, kí wọ́n gé nígbà tí ìdí bá wà, kí wọ́n fi sùúrù àti ọwọ́ dáàbò bo awọ, àti bíbímọ ní ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lọ́dọ̀ ìyá àbíyè. Ohun mẹ́fà ni mo fi wọ̀n wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ ni bí ọgbẹ́ náà ṣe jìn tó. Ara tó ya nígbà ìbímọ ní ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní, awọ òkè nìkan ló kàn. Ìpele kejì, ó wọ inú iṣan tó wà lábẹ́ awọ. Ìpele kẹta, ó dé iṣan tó ń fún ihò ìdí pa, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn lè mú ìgbẹ́ àti ìsó mọ́ra. Ìpele kẹrin, ó wọ inú ìfun ìdí gan-an. Ìpele kìíní àti ìkejì wọ́pọ̀, wọ́n sì máa ń san dáadáa. Ìkẹta àti ìkẹrin ni kí a máa bẹ̀rù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: gígé tí nọ́ọ̀sì gé yìí fúnra rẹ̀, ọgbẹ́ ìpele kejì ni. Awọ ni, iṣan sì ni. Tí wọ́n bá sọ fún obìnrin pé "a fẹ́ gé ọ kí o má baà ya," ọgbẹ́ tó dájú ni wọ́n fún un láti fi dènà ọgbẹ́ tó ṣeé ṣe kó má ṣẹlẹ̀ rárá, tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì ni ọmọ: ṣé ọ̀nà yìí lè mú un jáde kíá tí ọkàn rẹ̀ bá ń rẹlẹ̀? Ìkẹta ni ẹni tí yóò rán ọgbẹ́, irú iná tó wà níbẹ̀, àti bóyá abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora wà. Ìkẹrin ni owó. Ìkarùn-ún ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀lé ìbímọ: ìjókòó, ìtọ̀, ìgbẹ́, fífún ọmọ lọ́yàn, àti ìgbà tí tọkọtaya yóò tún lè jọ sùn. Ìkẹfà ni ara tí obìnrin náà gbé wá: ṣé àkọ́bí ni, ṣé ó ti ya dé ihò ìdí rí, ṣé wọ́n dá abẹ́ fún un nígbà èwe?

Ọ̀nà kìíní: kí wọ́n máa gé gbogbo olómọ àkọ́kọ́

Fielding Ould, agbẹ̀bí ọkùnrin kan ní Dublin ní ilẹ̀ Ireland, kọ nípa gígé yìí sínú ìwé ní ọdún 1742. Ìgbà tí ọ̀nà bá fún jù tí ọmọ sì há ló ní kí wọ́n lò ó. Ní ọdún 1920 ni Joseph DeLee, dókítà kan ní Chicago, wá gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa gé obìnrin tó ń bí àkọ́bí, kí wọ́n sì fi ẹ̀mú fa ọmọ jáde. Ìmọ̀ràn náà tàn kálẹ̀, ó wọ inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà káàkiri ayé, ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa náà.

Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn: pé ọgbẹ́ tó gún régé rọrùn láti rán, pé gígé ń dènà kí ara ya dé ihò ìdí, pé kì í jẹ́ kí ilé ọmọ sọ̀ tàbí kí ìtọ̀ máa dà lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò, ìdí kejì àti ìkẹta kò dúró. Ní ilẹ̀ Argentina, wọ́n pín obìnrin tó lé ní 2,600 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993. Níbi tí àṣà wọn jẹ́ gígé gbogbo ẹni, wọ́n gé bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Níbi tí wọ́n ti ń wá ìdí kí wọ́n tó gé, wọ́n gé bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Yíya tó le kò pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń wá ìdí kí wọ́n tó gé. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní 2017, tí iye obìnrin inú rẹ̀ lé ní 6,000, wọ́n rí i pé yíya tó dé ihò ìdí dín ní nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọn kì í ti í gé láìnídìí.

Ẹ wo ìyá aláńkárá ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, nígbà tí oníbàárà bá ní kó gé ọ̀pá mẹ́ta fún òun. Bó bá di etí aṣọ odindi mú tó ń fà á, kò ní ya. Sísọ́ọ̀sì ni yóò fi ṣán an díẹ̀ létí, lẹ́yìn náà ni yóò fà á ya wàràwàrà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran ara tí wọ́n ti là níbì kan, tí orí ọmọ tún wá ń tì. Ìdí nìyẹn tí gígé tó bá lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ fi léwu: ó sábà máa ń ya kọjá ibi tí sísọ́ọ̀sì dé, kó sì wọ ihò ìdí.

Ní ti owó, gbogbo ẹni tí wọ́n bá gé ni wọ́n ó rán. Ẹni tó bá ti gba ìwé ohun tí wọ́n ń rà wá sí yàrá ìbímọ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìbọ̀wọ́, lignocaine (oògùn abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ibẹ̀ mọ ìrora), síríńjì, òwú tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́, gọ́ọ̀sì, oògùn ìrora. Ẹni tí kò nílò rẹ̀ kò bá má san án.

Àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn fẹ́ gé e. Ìgbà tí wọ́n ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè kí àwọn lè rán an ló tó mọ̀. Nígbà tó béèrè ìdí, èsì tó gbà ni pé, "Àkọ́bí ni. Gbogbo yín la máa ń gé." Ọmọ rẹ̀ kò há, ọkàn ọmọ kò rẹlẹ̀, kò sì sí ìdí kankan nínú fáìlì rẹ̀. Kò lè jókòó fún ọmọ lọ́yàn láìfi ìrọ̀rí sábẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé kò sẹ́ni tó kà á kún ẹni tó yẹ kí wọ́n bi.

Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ lọ́rùn nọ́ọ̀sì wa. Ẹni kan ṣoṣo lóru, tí obìnrin mẹ́ta ń rọbí níwájú rẹ̀, lè rí sísọ́ọ̀sì bí ohun tó máa tètè parí ọ̀kan kó lè lọ bá èkejì. Mo bá wọn kẹ́dùn tọkàntọkàn. Síbẹ̀, àìtó òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìdí láti fi ọgbẹ́ sí ara obìnrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2018 pé kí wọ́n má fi gígé ṣe àṣà fún obìnrin tó ń bímọ wẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kìíní yìí kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì: kí wọ́n gé nígbà tí ìdí bá wà

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti àkọ́kọ́ kò sí nínú sísọ́ọ̀sì, inú ìbéèrè ló wà. Agbẹ̀bí tó ń tẹ̀lé ọ̀nà yìí á wo obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, á sì bi ara rẹ̀ pé: kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí n kò bá gé e?

Àwọn ìdí tó wúwo wà. Ọkàn ọmọ lè máa rẹlẹ̀ nígbà tí orí ti dé ẹnu ọ̀nà, tí dídúró ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lè pa ọmọ lára. Ó lè di dandan kí dókítà fi ẹ̀mú tàbí ẹ̀rọ fa orí ọmọ. Èjìká ọmọ lè há lẹ́yìn tí orí ti jáde. Gígé kò lè tú egungun tó há, ṣùgbọ́n ó lè fún agbẹ̀bí láyè láti ti ọwọ́ wọlé kó yí ọmọ. Nígbà míì, awọ á ti funfun, á máa dán, á ti fẹ́ bẹ́ sí ọ̀nà ìdí. Àpá líle náà lè wà tí kò fẹ́ fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpá yìí kàn wá gan-an ní Èkìtì. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń bímọ lónìí ni wọ́n ti dá abẹ́ fún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, àwọn míì ò tilẹ̀ mọ̀. Kò ní kí a gé gbogbo wọn nígbà ìbímọ: bí àpá náà bá rọ̀ tó sì ń fẹ̀, kò sí ìdí fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ti rí i nígbà tí obìnrin ń wá fún ìtọ́jú oyún, kó sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì, kó má jẹ́ pé orí ọmọ ti yọ kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Obìnrin tí wọ́n rán ojú ara rẹ̀ pọ̀ nígbà dídá abẹ́ yàtọ̀. Òun nílò kí dókítà ṣí ibẹ̀ fún un, kó tó rọbí tàbí nígbà tó bá ń rọbí, ọsibítù ńlá sì ni kó ti bímọ.

Bí wọ́n bá máa gé, ó ní bó ṣe yẹ kó rí. Nọ́ọ̀sì á sọ fún un, á sì gba ẹnu rẹ̀. Á fi ìka méjì sáàárín orí ọmọ àti ẹran ara, kí abẹ́rẹ́ má baà kan ọmọ. Á fún un ní lignocaine, á dúró kó ràn. Á fi ìka wo ibẹ̀ bóyá awọ náà kò mọ ìrora mọ́. Nígbà tí ìrora bá tún gbé e, tí orí sì na awọ náà tán, á gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan ní nǹkan bí ìwọ̀n 60, kó sá fún ihò ìdí. Bó bá gé e ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀. Bí kò bá fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora nígbà tí àyè wà, ìyà ló fi jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìrora ìrọbí kì í jẹ́ kí obìnrin mọ̀ pé wọ́n ń gé e. Ẹ bi àwọn tí wọ́n gé.

Owó tí ọ̀nà yìí ń ná èèyàn kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ lápapọ̀, nítorí àwọn díẹ̀ tó nílò rẹ̀ nìkan ló máa ra òwú. Ohun tó ń béèrè ni òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ tí yóò sì dúró ti èèyàn. Nínú àwọn ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀, èyí ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kí wọ́n sì fi ọ̀nà kẹta so mọ́ ọn.

Ọ̀nà kẹta: kí wọ́n fi sùúrù àti ọwọ́ dáàbò bo awọ

Ilé ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, obìnrin lè máa fi òróró ra awọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kó gé èékánná, kó fọ ọwọ́ mọ́, kó bu òróró àgbọn tàbí òróró ìsebẹ̀ tó mọ́ sí àtàǹpàkò. Kó ti àtàǹpàkò bọ ojú ara díẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ síhà ìdí títí yóò fi mọ̀ pé ibẹ̀ ń na, kó dì í mú bẹ́ẹ̀, kó sì máa rọra fà á sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá tó. Bí ikùn kò bá jẹ́ kí ọwọ́ dé ibẹ̀, ọkọ lè ràn án lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ dunni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹni tí omi rẹ̀ ti dà, ẹni tí ibi ọmọ dí ọ̀nà fún, àti ẹni tí ojú ara rẹ̀ ní àìsàn kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tó ń bí àkọ́bí ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù: gígé ń dín kù láàárín wọn, iye àwọn tí wọ́n ní láti rán náà sì ń dín kù. Àgbo abíwẹ́rẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tí àtàǹpàkò yìí ń ṣe. Àwọn ewé kan sì wà tó ń mú ilé ọmọ sún kì jù bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ohunkóhun tí ẹ bá ń mu.

Ní yàrá ìbímọ, ohun tí wọ́n ń lò kò ju aṣọ mímọ́ tí wọ́n rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ. Wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé e lé awọ ibẹ̀ nígbà tí obìnrin bá ń ti ọmọ, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ó ń dín ìrora kù, ó sì ń dín yíya tó dé ihò ìdí kù. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2018 kan náà fọwọ́ sí i. Omi gbígbóná àti aṣọ mímọ́ ni; kò sí ibùdó ìlera kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí a ní tó lè sọ pé agbára òun kò gbé e.

Ìgbà tí orí bá ń yọ ni iṣẹ́ gangan wà. Nọ́ọ̀sì á gbé ọwọ́ kan lé orí ọmọ kó má baà já wá lójijì, á fi ọwọ́ kejì gbé awọ ìsàlẹ̀ ró. Á wá yí ohùn padà: "Mọ́mì, ẹ má ti mọ́. Ẹ máa mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀." Obìnrin tó ti gbọ́ gbólóhùn yìí ṣáájú, tó sì mọ ìdí rẹ̀, á lè ṣe é. Ẹni tí wọn kò sọ fún, tí gbogbo yàrá ń pariwo "Ẹ ti í! Ẹ ti í!" mọ́, á ti orí ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ á sì ya. Ìdùbúlẹ̀ náà ń ṣe é: ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó kúnlẹ̀ tàbí tó lóṣòó kì í sábà di ẹni tí wọ́n ń gé bíi ti ẹni tó nà sílẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíya ìpele kejì lè fi díẹ̀ pọ̀ sí i fún ẹni tó wà lórí ìdúró. Àwọn kan sì máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ikùn obìnrin mọ́lẹ̀ kí ọmọ lè tètè jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gun yín níkùn, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé kò lè ṣèlérí pé ara kò ní ya. Ọ̀pọ̀ àkọ́bí ni ara ìyá wọn ń ya díẹ̀. Nítorí náà, ó tọ́ sí ibi tí ẹni tó lè rán an wà nìkan.

Ọ̀nà kẹrin: ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dọ̀ ìyá àbíyè

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó ń fa obìnrin lọ síbẹ̀. Ó sún mọ́ ilé. Owó rẹ̀ kò ga. Wọ́n mọ orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọn kì í sì í jágbe mọ́ ọn. Wọ́n á jẹ́ kó kúnlẹ̀ bó bá fẹ́ kúnlẹ̀. Bí gbogbo ọsibítù wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin, ìwọ̀nba ni yóò kù tí yóò sá lọ. Lóòótọ́ sì ni, wọn kì í gé èèyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìgé kò ní kí ara má ya. Bí ó bá ya níbẹ̀, ta ni yóò gbé tọ́ọ̀ṣì wò ó? Ta ni yóò fi ìka wo ihò ìdí láti mọ̀ bóyá iṣan tó ń fún un ti já? Yíya kékeré lè jinná fúnra rẹ̀. Ìpele kẹta tí wọn kò mọ̀, tí wọn kò sì rán, kì í jinná bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà á máa só láìfẹ́, ìgbẹ́ á máa yọ sí i láṣọ, á máa yẹra fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó, á sì rò pé bí ìbímọ ṣe ń rí nìyẹn. Àwọn tó ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ fún ọkọ wọn wà. Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọjọ́ iwájú ni, owó rẹ̀ sì ju ti òwú tí wọn ò rà lọ́jọ́ ìbímọ lọ jìnnà. N kò tíì sọ ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà ìyá ìjọ kò ní láti yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbàdúrà níbẹ̀ títí oyún yóò fi pé, kí ẹ bímọ ní ibùdó ìlera tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wà. Ẹ bi wọ́n bóyá ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkìtì kan ìbímọ lọ́dọ̀ wọn, nítorí owó ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Mo fẹ́ mẹ́nu kan àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kúkú gbé ọmọ láti inú ikùn kí ohunkóhun má baà kan ojú ara wọn. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni, ó sì ń nípa lórí oyún tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rù gígé nìkan kò tó ìdí láti yàn án.

Ohun tí ẹ ó béèrè kí ọjọ́ tó pé

Ẹ béèrè nígbà ìtọ́jú oyún, kí ìrọbí tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ bi nọ́ọ̀sì pé: ìgbà wo lẹ máa ń gé obìnrin níbí? Bó bá dáhùn pé "àkọ́bí ni," ìdáhùn ti hàn. Ṣé ẹ máa sọ fún mi kí ẹ tó gé? Ṣé lignocaine máa ń wà, àbí kí n rà á wá? Ta ló ń rán, bí ó bá sì ya dé ìdí, ibo lẹ ń gbé èèyàn lọ? Ìpele kẹta àti ìkẹrin, yàrá iṣẹ́ abẹ tí iná mọ́lẹ̀ dáadáa ni wọ́n ti ń rán an, lọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n. Ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé yín débẹ̀ lóru.

Ẹ sọ fún ọkọ yín náà, kó mọ̀ pé àṣìṣe gbáà ni kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi òwú kan kún un kí ibẹ̀ lè fún. Ìrora nìkan ni ìyẹn ń fi sílẹ̀ fún obìnrin.

Lẹ́yìn ìbímọ, bóyá wọ́n gé yín ni o tàbí ó ya fúnra rẹ̀, ìtọ́jú kan náà ni. Ọ̀pọ̀ òwú òde òní máa ń yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi omi ṣan ibẹ̀ lẹ́yìn ìtọ̀ àti ìgbẹ́, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ páàdì déédéé. Ẹ lè jókòó sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Iyọ̀ kò ṣe nǹkan, kò sì dandan. Omi tó ń hó tí àwọn ìyá wa máa ń ní kí a jókòó lé lórí, tí wọ́n da Dettol sí, ti bó àwọn kan lára. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Parasítámọ̀ kò ní pa ọmọ tó ń mu ọyàn lára. Ẹ mu omi púpọ̀, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ kí ìgbẹ́ má baà gan. Bí ibà bá dé, bí ibẹ̀ bá ń rùn, bí òwú bá já tí ọgbẹ́ là, bí ìrora bá ń pọ̀ dípò kó dín kù, bí ìtọ̀ kò bá jáde, tàbí bí ìsó àti ìgbẹ́ bá ń jáde láìfẹ́, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ta ni kó yan èwo?

Ẹni tó ń bí àkọ́bí, tí ara rẹ̀ le, tí ọmọ sì dorí kodò: kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ra ibẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, kó sì bímọ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà kejì àti ìkẹta. Ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tọ̀sán-tòru tó fún un. Ẹni tó ti bí méjì tàbí mẹ́ta wẹ́rẹ́, ọ̀nà kẹta ló bá a mu jù, ó sì ṣeé ṣe kó má nílò òwú kankan.

Ẹni tí wọ́n gé nígbà àkọ́bí kò ní láti tún jẹ́ ẹni tí wọn yóò gé lẹ́ẹ̀kejì. Kó sọ èyí fún wọn, kó jẹ́ kí wọ́n wo àpá rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí àpá dídá abẹ́ rẹ̀ le, ẹni tí ọmọ rẹ̀ tóbi, àti ẹni tí dókítà ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn fi ẹ̀rọ fa ọmọ rẹ̀: ibi tí dókítà wà ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gé wọn níbẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tó tọ́.

Ẹni tó ń gbé níbi tí ọkọ̀ kò ti rọrùn lóru, kó kúrò lábúlé kí oṣù rẹ̀ tó pé, kó lọ dúró lọ́dọ̀ ẹbí tó sún mọ́ ibùdó ìlera. Ẹni tó ti ya dé ihò ìdí rí, kó lọ rí dókítà ní Adó tàbí ní Ìdó kó tó pé oṣù mẹ́jọ, kí wọ́n jọ sọ bí yóò ṣe bí èyí. Bó bá ṣì ń só láìfẹ́ tàbí tí ìgbẹ́ ń yọ sí i láṣọ, kó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà láìtijú, nítorí ìyẹn ló máa pinnu bóyá ojú ara ni ọmọ yìí yóò gbà wá sáyé tàbí ikùn.